Páálí bíà oríṣiríṣi wọlé dé: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣí, èwo ni kí n fi pamọ́?

Ará Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dáwó jọ láti fi bá mi ṣe ọjọ́ ìbí, wọ́n sì ní kí ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó páálí bíà kan ránṣẹ́ sí mi nílé. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò gbé e lé mi lọ́wọ́ títí ó fi wo ìwé ìdánimọ̀ mi bóyá mo ti pé ọmọ ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ewú ti gba gbogbo àgbọ̀n mi. Ìgò àti agolo 12 ló wà nínú páálí náà, kò sì sí méjì tó jọra. Bíà tí èmi mọ̀ láti ilé ni Star àti Gulder, pẹ̀lú Guinness nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí mo tú jáde ló ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n fún yín. Pilsner Urquell kan wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, Jaipur ti Thornbridge wà níbẹ̀, London Porter ti Fuller's, tó jẹ́ bíà dúdú, náà sì wà níbẹ̀. Mẹ́ta wá láti Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn Saison Dupont, Orval àti Westmalle Tripel, ìgò kan sì tún wà láti ibẹ̀ tí wọ́n kọ gueuze sí lára, tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì dé lẹ́nu bí ìgò wáìnì. Agolo IPA (India Pale Ale, bíà tó korò) mẹ́ta jẹ́ ti àwọn apọntí kéékèèké ní London àti Manchester, agolo kan jẹ́ bíà kíkan tí wọ́n fi èso rásíbẹ́rì sí, èyí tó sì ṣẹ́kù ni ìgò stout dúdú kan tí agbára ọtí inú rẹ̀ tó ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín pọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára wọn kò bára mu rárá, nítorí pé ti àwọn agolo IPA kò ju oṣù díẹ̀ sí àkókò yìí lọ, nígbà tí ti Orval jẹ́ ọdún mélòó kan sí i. Ṣé ẹrù tó ti fẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n fi kún páálí mi ni? Bákan náà, nígbà tí mo gbé Saison Dupont sókè síbi iná, mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò náà, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dà á nù. Ìyàwó mi ti kó gbogbo wọn sínú fíríìjì, ó sì ń ráhùn pé kò sí àyè fún ọbẹ̀ mọ́. Paríparì rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ó ṣe àsun àti mọ́ínmọ́ín, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ tọ́ díẹ̀ wò nínú wọn. Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n tí ọ̀kan kò fi ní pa adùn èkejì?

Alágbàtà Ìgò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Ṣọ́ọ̀bù bíà kan ní Manchester ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú páálí bẹ́ẹ̀ ni à ń dì lójoojúmọ́. Láti ọdún 2020 tí ìjọba ti àwọn ilé ọtí pa nítorí kòrónà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ gan-an, nítorí pé àwọn apọntí kéékèèké kò ní ọ̀nà mìíràn láti ta ọjà wọn ju kí wọ́n gbé e lọ bá oníbàárà nílé.

Wọn kò fi ẹrù burúkú kún páálí yín. Ọjọ́ ara bíà kì í sọ bí ó ṣe dára tó, bí adùn inú rẹ̀ ṣe lè pẹ́ tó ló ń sọ. Họ́ọ̀pù ni òdòdó ewéko kan tí a ń fi sínú bíà fún ìkorò àti òórùn. Bí a bá sè é pẹ̀lú omi ọkà báàlì fún nǹkan bíi wákàtí kan, ìkorò ni yóò tú jáde. Bí a bá sì dà á sínú bíà lẹ́yìn tó ti tutù tó sì ti ń di ọtí, òórùn ni yóò fún un. Àwọn tó ń pọn IPA òde òní máa ń lo ọ̀nà kejì yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, pàápàá nínú èyí tí kì í mọ́ lójú, tí ó máa ń ta sánsán bí ọsàn tàbí máńgòrò. Òórùn náà kì í dúró pẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá wọ inú agolo nígbà tí wọ́n ń rọ ọtí sí i, pẹ̀lú ooru ilé, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ohun tí ẹ ó máa gbọ́ nímú yóò fi dà bí òórùn páálí tó rin. Ìdí nìyí tí àwọn agolo mẹ́ta wọ̀nyẹn fi gbọ́dọ̀ dúró nínú fíríìjì, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ mu wọ́n ṣáájú gbogbo ìyókù láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí.

Jaipur ló tẹ̀ lé wọn. Agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5.9%, Thornbridge sì ti ń pọn ọ́n ní Derbyshire láti ọdún 2005 pẹ̀lú họ́ọ̀pù Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ apọntí ilẹ̀ yìí kọ ojú sí òórùn ọsàn àti èso dípò òórùn ewé àti ilẹ̀ tí họ́ọ̀pù ìbílẹ̀ bíi Fuggle máa ń ní. Bí ẹ bá fẹ́ mọ orísun àṣà yìí, ẹ wo họ́ọ̀pù Cascade tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972 àti Sierra Nevada Pale Ale tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọn ní California ní 1980.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ Saison Dupont kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìwúkàrà ni. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọtí náà sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà sí i kí ó lè tún hó nínú ìgò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gáàsì inú rẹ̀ ti ń wá. Orval àti Westmalle náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgò náà dá dúró lóòró fún ọjọ́ kan kó tó di pé ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ rọra máa dà á láìgbé ìgò náà sókè sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dà á mọ́ ọn kò dẹ́ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ẹlòmíràn lè máa kùn lóru.

Ní ti àyè ọbẹ̀ ìyàwó yín, ẹ kó London Porter, Orval, Westmalle, gueuze àti stout ńlá yẹn jáde kúrò nínú fíríìjì. Kọ́bọ́ọ̀dù tó tutù níwọ̀nba tí ìmọ́lẹ̀ kò sì wọ̀ ti tó fún wọn. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ tò wọ́n sójú fèrèsé nítorí pé wọ́n lẹ́wà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba ohun tó ń mú kí họ́ọ̀pù korò jẹ́, á sì sọ ọ́ di nǹkan kan tó ń rùn bí ìmí-ọjọ́. Ìgò tó pupa rúsúrúsú ń dí ìmọ́lẹ̀ náà, ìgò aláwọ̀ ewé àti ìgò funfun kò lè dí i tó, agolo ló sì dára jù nínú gbogbo wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nípa Saison Dupont tí tiyín bá jẹ́ ìgò aláwọ̀ ewé.

Bàbá Àyẹ̀wò

Mo kí gbogbo yín láti Ìbàdàn. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ìpọntí ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Ohun tí ọmọ mi obìnrin tó wà ní Manchester sọ tọ̀nà, àfi pé kò tíì kan ife àti òtútù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó wọn ṣòfò.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, oòrùn ló ń darí bí a ṣe ń mu bíà. A fẹ́ kí ó tutù tí ìgò yóò fi máa làágùn, a kò sì jẹ̀bi, nítorí pé bíà tí wọ́n pọn fún wa fara mọ́ ọn. Òtútù tó pọ̀ jù máa ń pa adùn mọ́ inú ọtí, kì í sì í jẹ́ kí imú gbọ́ nǹkan kan. Pilsner Urquell lè ti inú fíríìjì wá sínú ife tààrà, ní nǹkan bíi 5 sí 7°C. Ẹ jẹ́ kí àwọn IPA dé bíi 8 sí 10°C, Orval àti Tripel lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí Porter àti stout ńlá yẹn sì tó bíi 12 sí 14°C. Ìyẹn ni pé ní ilé yín tí ojú ọjọ́ tutù, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní kí ẹ kó wọn sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ náà tán.

Ní ti ife, ọ̀rá ni ọ̀tá ìhó. Bí ẹ bá fi kànrìnkàn tí ẹ fi fọ abọ́ ọbẹ̀ fọ ife bíà, tàbí tí ọṣẹ bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, ìhó orí bíà yóò parẹ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì máa sọ pé bíà náà kò dára. Ẹ fọ ife náà lọ́tọ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án, kí ẹ sì dojú rẹ̀ dé kí ó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún nínú. Ọ̀nà tí a fi ń dá ife tí kò mọ́ mọ̀ ni pé bí a bá da bíà sí i, àwọn ìhó kéékèèké yóò lẹ̀ mọ́ ara ife náà lábẹ́ ọtí, wọn kò ní gòkè. Ìhó kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, òun ló ń gbé òórùn lọ bá imú.

Ẹ̀yin Ará Leeds, Urquell ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí pé òun ni yóò mú yín ti ibi tí ẹ mọ̀ lọ síbi tí ẹ kò mọ̀. Ìlú Plzeň ni wọ́n ti kọ́kọ́ pọn ọ́n ní 1842, ẹni tó sì pọn ọ́n ni Josef Groll tó wá láti Bavaria. Star tí ẹ mọ̀ láti ilé, tí ìgò àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde l'Ékòó ní oṣù June 1949, inú ìran bíà pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó mọ́ gaara yìí ni òun náà ti wá. Ohun tí ẹ ó kíyè sí ni pé ìkorò Urquell pọ̀ ju ti Star lọ, ọkà rẹ̀ sì ń dùn lẹ́nu bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọkà tí a fi pọn wọ́n wà lára ìdí ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báàlì wọ Nàìjíríà ní 1988, àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ìpọntí ní láti fi ọkà bàbà àti àgbàdo rọ́pò rẹ̀, kò sì rọrùn bí àwọn olóṣèlú ṣe rò. Ọkà báàlì ní èèpo tó máa ń ṣe bí asẹ́ nígbà tí a bá ń yọ omi rẹ̀; ọkà bàbà kò ní irú rẹ̀. Ooru tí sítáàṣì inú ọkà bàbà nílò kó tó rọ̀ tún ga ju ti báàlì lọ, nǹkan àdánidá inú rẹ̀ tó yẹ kó sọ sítáàṣì náà di ṣúgà kò sì pọ̀ tó, nítorí náà a ní láti máa ra ẹ́ńsáìmù kún un. A ṣe é, ó sì yọrí. N kò fara mọ́ àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọtí tí a fi ọkà bàbà pọn.

Ìmọ̀ràn kan kù. Ẹ wá ìgò Guinness Nàìjíríà kan kún páálí yín, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa ní ìlú Òyìnbó ló ń tà á. 7.5% ni, ọkà ilẹ̀ wa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi omi dúdú kíki kan tó ń wá láti Dublin lú u kí adùn rẹ̀ lè jọ ti Guinness. Ẹ tọ́ ọ wò láàárín London Porter tó jẹ́ 5.4% àti stout 11% yẹn. Ahọ́n yín ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni ẹ ó fi díwọ̀n àwọn méjì yòókù.

Ará Leeds

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ó pẹ́ fún wa. Àbúrò mi Alágbàtà Ìgò náà, mo dúpẹ́. Mo ti kó àwọn márùn-ún yẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, àlàáfíà sì ti padà sínú fíríìjì.

Nígbà tí mo ń kó wọn jáde ni mo rí i pé agolo bíà rásíbẹ́rì yẹn kò rí bí àwọn yòókù. Orí àti ìdí rẹ̀ wú síta, kò lè dúró dáadáa lórí tábìlì, bí mo bá sì fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó le bí òkúta. Ṣé òtútù fíríìjì ló fà á ni? Ṣé kí n ṣí i kí gáàsì jáde? Ẹ tún bá mi sọ̀rọ̀ lórí gueuze tó ní kọ́ọ̀kì, nítorí pé mo ka ara rẹ̀ títí, kò yé mi.

Alágbàtà Ìgò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí i, ẹ má mì í, ẹ má sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Òtútù fíríìjì lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ó bá dì di yìnyín. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíà tí wọ́n lọ èso sí ni pé ṣúgà inú èso náà kò tíì parí iṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé agolo, ìwúkàrà tó ṣẹ́kù sì ń jẹ ṣúgà náà, ó ń tú gáàsì jáde, gáàsì náà kò sì ríbi gbà. Bí agolo náà bá ti wà nínú ooru fún ọjọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, á tún yá sí i. Agolo bẹ́ẹ̀ lè bẹ́, etí agolo tó bẹ́ sì mú bí abẹ.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ báyìí, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ gbé e sínú korobá tó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé korobá náà síta níbi tó tutù tí ọmọdé kò lè dé. Nítorí pé ẹ̀bùn ni, àwọn tó sanwó ni kí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé ìtajà náà, torí orúkọ wọn ló wà lórí ìwé owó. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 fún ẹni tó ra ọjà tó ní àbùkù ní 30 ọjọ́ láti kọ̀ ọ́ kí ó sì gba owó rẹ̀ padà, àmọ́ ilé ìtajà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́, wọ́n á sì dúpẹ́ pé ẹ sọ fún àwọn, nítorí pé agolo mìíràn tí wọ́n pọn lọ́jọ́ kan náà lè wà nílé ẹlòmíràn.

Mo fi gueuze sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Brussels

Ọ̀rọ̀ dé ilẹ̀kùn mi wàyí. Gueuze jẹ́ ọtí agbègbè Brussels yìí àti àfonífojì odò Senne. Lambic ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn bíà tí wọ́n fi ọkà báàlì àti àlìkámà pọn, tí wọ́n sì fi họ́ọ̀pù tó ti gbó fún ọdún díẹ̀ sí kí ó má baà korò. Bí wọ́n bá sè é tán, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n ńlá kan tó fẹ̀ tí kò sì jìn, wọ́n á sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwúkàrà sí i. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilé náà ni yóò wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e sínú àgbá igi fún ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti rí bí ẹmu ṣe ń hó fúnra rẹ̀ nínú akèrègbè lórí ọ̀pẹ kò ní ṣe hà sí èyí, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú méjèèjì, òtútù ilẹ̀ yìí ló kàn fà á gùn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í pọn ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí kò ṣe láti bí oṣù October sí April, kí kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ọtí jẹ́ má baà jọba lórí rẹ̀.

Gueuze ni àpapọ̀ lambic ọdún kan, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ṣì ní ṣúgà, èyí tó dàgbà ní ìjìnlẹ̀, bí wọ́n bá sì pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò, ọtí náà á tún hó, agbára gáàsì rẹ̀ á sì pọ̀ débi pé ìdérí lásán kò lè dá a dúró dáadáa. Iléeṣẹ́ Cantillon ní Anderlecht, tó ti wà láti 1900, ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gba àlejò wọlé láti wo ọpọ́n náà. Ẹ máa retí kíkan o! Kíkan bí omi òroǹbó, pẹ̀lú òórùn tó jọ ti inú àká. Ẹni tó bá ń retí bíà nínú rẹ̀ yóò bínú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ má kọ ẹnu ìgò náà sí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ fi aṣọ bo kọ́ọ̀kì náà, kí ẹ sì máa yí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì.

Orval náà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì ló ni iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1931. Nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sínú ìgò ni wọ́n ń fi ìwúkàrà kejì tí à ń pè ní Brettanomyces sí i, ìyẹn sì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ohun tí ìwúkàrà àkọ́kọ́ kò lè jẹ. Orval tí kò tíì pẹ́ ń korò, ó sì ń ta sánsán bí òdòdó. Èyí tó ti lé ní ọdún kan ti gbẹ lẹ́nu, ìkorò rẹ̀ ti rọlẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti ń lọ síbi ti awọ. Méjèèjì ló ní olólùfẹ́ tirẹ̀. Bí tèmi bá ni, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́, ẹ ra ìkejì rẹ̀ tó jẹ́ tuntun, kí ẹ mu wọ́n pa pọ̀ lálẹ́ kan tí kò sí àlejò.

Ní ti àsun, mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún IPA. Ata àti ìkorò máa ń ran ara wọn lọ́wọ́, ọtí líle sì tún ń fẹ́ná sí i. Bí ata rodo bá ti ń ta yín lẹ́nu, tí ẹ sì gbé IPA tó korò lé e, ẹ ò ní mọ ìtọ́wò kankan mọ́. Saison Dupont ló yẹ àsun, nítorí pé ó gbẹ lẹ́nu, gáàsì rẹ̀ ń fọ ọ̀rá ẹran kúrò lórí ahọ́n, òun fúnra rẹ̀ sì ní òórùn tó jọ ti ata dúdú.

Alágbàtà Ìgò

Lóòótọ́ ni gáàsì ń fọ ọ̀rá, àmọ́ gáàsì náà ń ta ẹnu tí ata ti bó. Ìgò tí èmi yóò gbé síwájú àsun ni London Porter. Ọkà yíyan inú rẹ̀ bá òórùn iná ara ẹran mu, adùn díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á sì rọ ata lójú. Saison Dupont ni kí ẹ gbé fún mọ́ínmọ́ín.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Brussels

Ó dára. Mo gbà fún Porter, pàápàá tí àsun náà bá gbóná janjan. N kò gbà fún gáàsì.

Nọ́ọ̀sì Agége

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ìṣirò kan wà tí kò sí ẹni tó tíì ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yúníìtì kan jẹ́ mílílítà 10 ọtí gidi, ẹ ó sì fi mílílítà inú ìgò ṣe ìlọ́po agbára rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí 1000. Jaipur mílílítà 330 jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 2, Westmalle Tripel tó jẹ́ 9.5% ju 3 lọ, stout 11% yẹn sì lé ní 3.6 bí ìgò rẹ̀ bá jẹ́ 330. Ohun tí àwọn àgbà oníṣègùn ìjọba níbí gbani nímọ̀ràn láti 2016 ni pé kí ọkùnrin tàbí obìnrin má ju yúníìtì 14 lọ lọ́sẹ̀, kí ó sì pín in sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mu ìgò Tripel kan àti stout ńlá kan ní ìjókòó kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ìdajì rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ìgò méjì péré ni wọ́n rí lójú ẹni tó bá ń ka ìgò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín ìgò kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé, kí omi wà lórí tábìlì, kí ẹni tó wa mọ́tò wá má sì fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà tàbí apoògùn rẹ̀.

Ará Leeds

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣé o. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, n ó pè é kí ó tó di ọjọ́ náà.

Bí mo ṣe tò ó nìyí, kí ẹ bá mi wò ó. Urquell ni a ó fi ṣí ìjókòó náà, a ó mu Saison Dupont pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, a ó wá gbé Jaipur àti IPA kan kalẹ̀ kí àsun tó dé, London Porter yóò bá àsun wọlé pẹ̀lú Guinness tí mo ti rà lónìí, a ó sì fi stout 11% parí rẹ̀, ife kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgò mẹ́fà àti agolo kan ni gbogbo rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin. Westmalle, gueuze àti Orval á dúró, n ó sì mu IPA méjì tó kù láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé ìtajà náà ti dáhùn pé àwọn yóò fi agolo mìíràn ránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n má ṣí ti àkọ́kọ́. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé a lè fi stout 11% yẹn pamọ́ fún ọdún kan bí kò bá kàn án lọ́jọ́ Sátidé?

Bàbá Àyẹ̀wò

Ó ṣe é fi pamọ́. Bíà dúdú tí agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òkùnkùn tí ooru rẹ̀ kì í yí padà, ọtí tó ń ta á lófun yóò rọlẹ̀, adùn rẹ̀ á sì máa lọ síbi ti èso gbígbẹ. Ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má dà á dùbúlẹ̀ bíi wáìnì. Ètò yín dára, àfi pé kí ẹ mu omi, kí ẹ sì jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀ sí i lẹ́yìn IPA kí Porter tó wọlé, nítorí pé ìkorò họ́ọ̀pù kì í tètè kúrò lẹ́nu.

Alágbàtà Ìgò

Kí IPA ọjọ́ Sátidé jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí agolo ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí.